Ọjọ́ Orí Onóra Munnelly

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ nípa Onóra Munnelly, ẹ jókòó, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé màá máa rẹ́rìn-ín. Èmi Delia Ginty ni mo ń tọ́jú ilé ìfìwéránṣẹ́ abúlé Kilbarra láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, èmi náà ni mo sì fi ẹnu ara mi ba ọ̀rọ̀ obìnrin náà jẹ́. Àwọn kan ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí ni kí n wá sọ? Pé atẹ́gùn ló ṣe é?

Onóra kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Kì í ṣe pé kò lẹ́wà o. Nígbà tó wà lọ́mọge, ọkùnrin kan láti òdìkejì òkè wá tọrọ rẹ̀, wọ́n sì ti ń mú ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyàwó Michael, àbúrò rẹ̀, kú sórí ìkúnlẹ̀, tó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Ta ni yóò tọ́ wọn? Onóra gbé ọmọ jòjòló inú wọn mọ́ra, Austin ni wọ́n sọ ọ́, ó sì ránṣẹ́ sí ọkùnrin yẹn pé kó wá ìyàwó síbòmíràn. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn ilẹ̀ àbàtà gbígbẹ tí a fi ń dáná, òun ló ń wa pòtétò, òun ló ń fún wàrà màlúù. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wo ilẹ̀. Iná ààrò ilé wọn kò kú rí. Lálaalẹ́ ló máa ń fi eérú bo ẹ̀yinná mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, tó bá di àárọ̀ á fẹ́ ẹ padà. Ó ní iná tí baba ńlá àwọn dá ni, ẹni tó bá jẹ́ kó kú, ojú á tì í lọ́run.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù láyé: Ilé Ńlá. Gbogbo wa là ń pè é bẹ́ẹ̀, ilé olókùúta tí ìjọba ìbílẹ̀ ń kó àwọn arúgbó tí kò lẹ́nìkan sí. Láyé ìyàn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń kó àwọn tí ebi ń pa lọ, ibẹ̀ ni bàbá àgbà Onóra kú sí, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n sin ín. "Delia," á sọ fún mi, "mi ò bẹ Ọlọ́run ní nǹkan púpọ̀. Kí n ṣáà kú sínú ilé bàbá mi, kí iná máa jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Oṣù kẹjọ ọdún 1936 ni wàhálà dé. Michael ti kú nígbà yẹn, Austin ló ni ilé. Pòtétò bàjẹ́ lọ́dún méjì léra, ó sì pinnu láti kó ìyàwó àtọmọ lọ sí Ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ó wá bá mi ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ń yí fìlà lọ́wọ́.

"Àǹtí mi ńkọ́, ṣé o lè bá mi kọ ìwé owó àgbà fún wọn?"

"Owó àgbà? Ìwọ tí wọ́n fi omi wàrà tọ́ dàgbà? Ìwọ ló ń já wọn sílẹ̀ lọ, Austin?"

"Delia, má fi mí ṣẹ̀sín. Mi ò lè kó wọn dání, wọn ò tiẹ̀ fẹ́ lọ. Tí owó àgbà bá wọlé, wọ́n á dúró sínú ilé, wọ́n á máa rí tíì àti ìyẹ̀fun rà. Tí kò bá wọlé, ẹbí ìyàwó mi sọ pé tó bá ti di oṣù kọkànlá, kí n fọwọ́ sí ìwé Ilé Ńlá."

Mo bú u. Mo bú u dáadáa. Ṣùgbọ́n omi ti lé sí ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọmọ márùn-ún ló ní, bàtà méjì ni gbogbo wọn ń dù.

Ìjọba ń san owó àgbà fún ẹni tó bá ti pé àádọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ kejì Onóra wá, ó ti wé ìborí dúdú tó máa ń wé lọ sí Máàsì.

"Màmá Onóra, ọmọ ọdún mélòó lẹ jẹ́?"

"Mọ́kànléláàádọ́rin. Ọjọ́ Bríd Mímọ́, ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ni wọ́n bí mi, ọdún 1865."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀? Níbí, ta ló mọ ọjọ́ ìbí ara rẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo ti ya dìndìnrìn. "Èmi mọ tèmi. Ní gbogbo ọjọ́ Bríd Mímọ́, lẹ́yìn tí a bá ti hun àgbélébùú koríko tán, ìyá mi á tan àbẹ́là kan sójú fèrèsé. Á ní, 'Ọjọ́ Onóra nìyí.' Á gbá mi mọ́ra, á máa sunkún. Ọdọọdún ni. Ọdún kan wà tí mo bi í pé kí ló dé tó ń sunkún, ó ní ọdún tó ń lọ ló ń dun òun. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún Michael rí. Èmi ni ààyò rẹ̀, Delia." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, bí ọmọdé tí wọ́n fún ní ṣúgà.

Mo kọ ìwé náà, mo fi ránṣẹ́ sí ìjọba ní Dublin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé. Wọ́n wo ìwé ìbí ti ìjọba: Onóra Munnelly, ọmọ Thady Munnelly àti Nappy Reape, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún, ọdún 1870. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Kò tíì tó. Ó di ọdún 1940.

Nígbà tí mo kà á fún un, kò sunkún. Ó kàn di etí tábìlì mú. "Ọdún mẹ́rin," ó ní. "Delia, Austin ò lè dúró ọdún mẹ́rin." Inú mi gbóná. Àwọn akọ̀wé tó jókòó sí Dublin, tí wọn ò mọ Kilbarra lójú, àwọn ni yóò wá sọ ọjọ́ orí wa fún wa! Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo ti ilẹ̀kùn, ó di ọ̀dọ̀ Fadá.

Fadá Cafferkey gbé ìwé ìsàmì àtijọ́ jáde, ìwé ńlá tí eku ti jẹ létí. Mo lọ tààrà sí oṣù kejì ọdún 1865. Àní ó wà níbẹ̀! Ọjọ́ kejì oṣù kejì, Onóra, ọmọ Thady Munnelly àti Nappy Reape. Ìyá ìsàmì rẹ̀, Winifred Barrett. Mo pariwo, "Yéè! Ọlọ́run ò!" Fadá ní kí n rọra, pé ilé àlùfáà ni mo wà, kì í ṣe pápá ìdíje ẹṣin. Ó kọ ẹ̀dà rẹ̀ fún mi, ó lu òǹtẹ̀. Mo pa ìwé ńlá náà dé.

Ẹ gbọ́ mi yékéyéké: mo pa ìwé náà dé. Mo ti rí ohun tí mò ń wá, kí ni mo tún fẹ́ wò síwájú?

Ohun tó wà lọ́kàn mi rèé. Níbí, ọmọ tí wọ́n bá bí, lọ́la tàbí ọ̀túnla ni yóò ti gba ìsàmì, nítorí ẹ̀rù ikú. Ṣùgbọ́n láti lọ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìjọba, ìrìn wákàtí mẹ́rin ni, bàbá á sì ní òun máa lọ tí òjò bá dá. Òjò ò ní dá. Tó bá wá pẹ́ jù, owó ìtanràn wà níbẹ̀. Nítorí náà bàbá á dúró níwájú akọ̀wé, á fi ojú líle sọ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyàwó òun bímọ. Ìwé Fadá sọ pé ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni mo gba ìsàmì. Ìwé ìjọba sọ pé ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yẹn ni wọ́n bí mi. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti rì mí bọmi! Ìdajì Kilbarra ló rí bẹ́ẹ̀. Mo ní Thady Munnelly náà ló parọ́, ìwé Fadá la ó gbà gbọ́.

Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó àgbà jókòó ní ilé ìwé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin márùn-ún lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ni Antoine Padden, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò, Ọ̀gbẹ́ni Tuohy, dá jókòó sídìí tábìlì olùkọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó tutù ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Fadá náà wá, ó gbé ìwé ńlá náà dání, torí wọ́n ní kí ó gbé e wá.

Mo dìde, mo rojọ́. Mo sọ ti ìtanràn, mo sọ ti òjò, mo sọ ti èmi tí mo gba ìsàmì kí wọ́n tó bí mi. Àwọn ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

"Èmi náà," ni ọ̀kan wí. "Ìwé ìjọba ní mo fi oṣù kan kéré sí ara mi."

"Ìyẹn ló jẹ́ kí orí rẹ má pé," ni èkejì dá a lóhùn.

Onóra jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì. Mo ti mọ̀ pé a ti gbà á. Ẹ ò bá rí mi, mo ń yan bí tòlótòló.

Ọ̀gbẹ́ni Tuohy gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. "Mísì Ginty, mo ti rí bàbá tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta parọ́. Mo ti rí oṣù mẹ́fà. Ọdún márùn-ún, mi ò rí i rí. Ta ló máa gbé ọmọ tó ti ń sáré kiri lọ kọ sílẹ̀ bí ọmọ tuntun? Kí ló fi hàn pé ọmọ inú ìwé Fadá yìí ni màmá tó jókòó síbẹ̀ yẹn?"

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́? Mo na ẹ̀dà ìwé náà sókè. "Orúkọ ìyá ìsàmì rẹ̀ wà níbí! Màmá Onóra ò mọ̀wé kà, mi ò sì sọ ọ́ fún wọn rí. Ẹ bi wọ́n! Tó bá bá ti inú ìwé mu, kí la tún ń wá?"

Mi ò bi í nílé. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò bi í nílé! Ó dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Tuohy yíjú sí i. "Màmá, ta ni ìyá ìsàmì yín?"

Onóra dìde. Ó gbìyànjú láti na ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ò sì nà. Ó fi ayọ̀ dáhùn, ohùn rẹ̀ kún gbogbo yàrá: "Sabina Lavelle ni, kí Ọlọ́run fún un nísinmi! Òun ló ran yẹ̀rì pupa fún mi nígbà tí mo gba Kọmúníọ̀nù àkọ́kọ́. Èmi náà ni mo pa á lójú dé nígbà tó kú."

Ọ̀gbẹ́ni Tuohy gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Winifred Barrett ló wà níbí. Fadá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo oṣù karùn-ún ọdún 1870."

Mo fẹ́ sáré lọ já ìwé náà gbà. Mo fẹ́ jẹ ojúewé náà bí ewúrẹ́. Fadá ṣí i, ó fi ìka tọ̀ ọ́ wálẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún. Onóra, ọmọ Thady Munnelly àti Nappy Reape. Ìyá ìsàmì..." Ó wo Onóra. "Sabina Lavelle."

"Èmi náà nìyẹn," Onóra ní, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Àbí? Èmi ni." Ó wò mí. "Delia, ta wá ni ti àkọ́kọ́?"

Mi ò lè gbé ojú sókè. Antoine Padden ló fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀, tó dìde.

"Onóra, ọmọ kan wà. Wọ́n bí i lọ́jọ́ Bríd Mímọ́. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà tàbí mẹ́tàlá? Mẹ́tàlá. Mo máa ń gbé e léjìká. Ikọ́ burúkú ló pa á lórí itan Nappy nídìí ààrò, nígbà tó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n bí ìwọ, Nappy ní Onóra náà ni o máa jẹ́, pé òun ò lè máa gbé nínú ilé tí òun ò ti ní pe orúkọ yẹn mọ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ, kí o má baà máa bẹ̀rù. A ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ débi pé mo ti gbàgbé, àfi báyìí tí wọ́n ka ìwé."

Ẹ̀rín ojú Onóra kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, bí ó ti ń rò ó. Ó tún jókòó. Nígbà tó yá ó sọ̀rọ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni nínú wa sọ ọ́.

"Àbẹ́là yẹn kì í ṣe tèmi."

Mo bẹ Ọ̀gbẹ́ni Tuohy. Mo kúnlẹ̀ lórí pákó ilé ìwé níbi tí wọ́n ti nà mí lọ́mọdé. Mo ní ọdún mẹ́rin péré ni, mo ní kí ó wo ẹ̀yìn obìnrin yẹn, mo ní bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ la fi ń ka ọjọ́ orí, ó ti tó ọgọ́rùn-ún. Ó gbé mi dìde. Ó ní bí òun bá fọwọ́ sí ohun tí ìwé méjì ti sọ pé kì í ṣe òótọ́, òun náà ń lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, ẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ti ọjọ́ yẹn kò kùtà o. Èmi ni mo gbé e lọ sọ́jà fún wọn, mo sì tà á lọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sí Dublin. Èsì mẹ́ta dé, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo lọ bá Fadá, mo bi í bóyá eku kò lè jẹ ojúewé ọdún 1870 yẹn tán. Ó wò mí tàánú-tàánú, ó ní, "Delia, orúkọ ẹni tí Ọlọ́run dá ló wà níbẹ̀. Ṣé kí n pa òun náà ni?" Mo lọ sílé. Mo ní kí Onóra wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ìyá mi tó yarọ àti èmi là jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá kan. Ó wá wò ó, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀dùn. "Ibi tí ìyá rẹ ò ti ráyè nasẹ̀? Níbo lo fẹ́ kó mi sí, inú àpò lẹ́tà?"

Mo ní, "Màmá, èmi ni mo ṣe yín báyìí. Ẹ bú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi."

"Màá bú ọ tó bá yá. Ó ti rẹ̀ mí lónìí."

Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kọkànlá ni Austin àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ó dì mọ́ àǹtí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ké bí ọmọ ọwọ́, ìyàwó rẹ̀ ló fà á kúrò. Ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ Ilé Ńlá dé. Dírẹ́bà dúró, kò kánjú. Onóra wọlé lọ gbé ìkòkò omi, ó dúró síwájú ààrò. Mo rò pé yóò ní kí n bá òun ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ ló da omi sí i. Iná náà ké ṣààà, èéfín funfun gba gbogbo inú ilé, ojú wa ń ta. "Ó sàn kí n pa á," ó ní, "ju kí ó kú fúnra rẹ̀ nígbà tí kò sẹ́nìkan nílé." Lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ Bríd Mímọ́ tó tẹ̀ lé e, mo wọ ọkọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Mo hun àgbélébùú koríko dání, mo ra àbẹ́là kan. Wọ́n ń ṣe dáadáa sí wọn níbẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn: aṣọ bẹ́ẹ̀dì mọ́, ọbẹ̀ gbóná. Ogójì bẹ́ẹ̀dì ló wà lórí ìlà, ti Onóra ni ìkẹtàdínlógún. Ó ti gbẹ. Kò sí ààrò nínú yàrá yẹn, páìpù irin kan ló ń mú un gbóná.

Mo tan àbẹ́là náà sójú fèrèsé. Onóra nawọ́ sí i.

"Tirẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Ọdún gbogbo tí ìyá mi fi ń gbá mi mọ́ra, òun ló ń gbá mọ́ra. Mo sì jókòó síbẹ̀, mò ń gbà á bí tèmi."

"Màmá, wọ́n fẹ́ràn yín náà."

"Mo mọ̀. Kò burú. Ọmọ kékeré ni, mi ò jowú rẹ̀." Ó gbá ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù. "Àmọ́ ó ṣoríire jù mí lọ, Delia. Orí itan ìyá wa ló kú sí, nínú ilé wa, iná ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."